Wọ́n Ń Pè Mí Ní Rábì, Ṣùgbọ́n Wọn Kì Í Kà Mí Mọ́ Ènìyàn Mẹ́wàá

Admin, ẹ ṣé tí ẹ gbà láti fi orúkọ mi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò fi nǹkan kan pamọ́, nítorí ẹni tó bá ń gbé Òkìtìpupa tó sì ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìlà kẹta á ti mọ̀ mí. Rábì ni mí. Obìnrin sì ni mí. Mélòó wa ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀? Ẹ ṣáà bá mi gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí ọ̀rọ̀ ò kàn… 

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ Rábì, òun ni olùkọ́ àti aṣáájú nínú ẹ̀sìn àwọn Júù, bí ẹ̀yin ṣe ń sọ pé pásítọ̀. A ò pọ̀ rárá. Gbọ̀ngàn kékeré kan báyìí lójú ọ̀nà Ìlútítun ni sínágọ́gù wa, tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù rẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò ló kó ẹ̀sìn náà bọ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ilé wa ò jìnnà, mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Sátidé láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èdè Hébérù, ìwé tí wọ́n ń kà láti apá ọ̀tún wá sí òsì. Bàbá rí mi, ó ní kí n wọlé. Òun ló kọ́ mi ní lẹ́tà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì mo ti ń kà á geerege ju àwọn àgbà ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ, bàbá á sì máa rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n wá gbọ́.

Mo lọ yunifásítì, mo di tísà, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì níléèwé ìjọba títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ ọkọ, mo bí Ẹ́sítà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí Zoom lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ kan lókè òkun, àwọn tó gbà pé obìnrin lè di Rábì. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, inú mọ́tò ọkọ mi ni màá wọ̀ lọ jókòó kí n lè máa ti ibẹ̀ ṣáàjì fóònù, láàárín kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó ń tà, kí n máa dáhùn ìbéèrè nípa òfin Mósè. Accra ni wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ọkọ mi ló sìn mí lọ. Gbogbo bọ́dà tí a kọjá ló ń sọ fún àwọn imigiréṣọ̀n pé ìyàwó òun ń lọ gba oyè Rábì, bí ẹni pé àwọn yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wọ inú omi ní Accra níbẹ̀, kó lè di Júù pẹ̀lú mi. Èmi ò fipá mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, èmi ò fipá mú un.

Ìyá mi sunkún nígbà tí a dé, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Aládùúrà ni gbogbo ilé wa àti ilé ọkọ mi pẹ̀lú, aláṣọ funfun, láti ìgbà bàbá ńlá wa. Ohun tó tilẹ̀ dun ìyá mi jù ni oúnjẹ, nítorí òfin wa ò jẹ́ kí a jẹ edé, a ò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, a ò gbọdọ̀ jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́ bí àrọ̀. Ó bi mí pé irú ẹ̀sìn wo ló máa ní kí ọmọ Ìkálẹ̀ fi ọbẹ̀ tí kò ní edé jẹ púpurú. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn…

Bàbá tó kọ́ mi ti kú kí n tó gba oyè. Ẹni tó di olórí àwọn àgbà lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń pè ní Bàbá Kápẹ́ńtà, òun ló kan àpótí tí Tórà wa, ìwé òfin Mósè, wà nínú rẹ̀, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, mi ò lè sọ pé ó burú. Wọ́n pè mí sí ìpàdé. Wọ́n ní àwọn gbà kí n máa wàásù, kí n máa kọ́ àwọn, kí n máa sọ ọmọ lórúkọ, kí n máa sìnkú, àwọn á sì máa pè mí ní Rábì. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nínú ìsìn wa, àwọn àdúrà kan wà tí a kì í gbà àyàfi tí ènìyàn mẹ́wàá bá pé. Tí mẹ́wàá ò bá pé, a ò ní gbé Tórà jáde, ẹni tí òbí rẹ̀ kú ò sì ní lè gba àdúrà ọ̀fọ̀. Àwọn olùkọ́ mi máa ń ka obìnrin mọ́ mẹ́wàá náà. Bàbá Kápẹ́ńtà ní ọkùnrin mẹ́wàá ni bàbá fi lélẹ̀, ọkùnrin mẹ́wàá ni àwọn ó máa kà. Mo gbà. Mo rò pé tí wọ́n bá rí iṣẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á yí padà fúnra wọn, kò ní gba ìjà. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọlọ́gbọ́n ni mí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń se èso àjàrà gbígbẹ lórí iná kí a lè rí nǹkan fi ṣe wáìnì, torí wáìnì tó bá òfin mu, níbo la ti fẹ́ rí i ní Òkìtìpupa? Èmi ni màá gbálẹ̀, èmi ni màá to àga. Ní Sátidé àwọn obìnrin á ti dé, gbogbo wọn, tọmọtọmọ. Àwọn ọkùnrin á wá jẹ́ mẹ́sàn-án. A ó wá jókòó, a ó máa wo títì bí ẹni tó ń retí taksí Igbotako, wọ́n á rán ẹnì kan kó fẹsẹ̀ rìn lọ jí ọkùnrin kan tó ṣì ń sùn nílé rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti dé, tó ń nu ojú, tí kò mọ ojú ìwé tí a wà, a ti pé nìyẹn. Èmi tí mo kọ́ gbogbo wọn ní lẹ́tà, mi ò sí nínú òǹkà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni ìkẹwàá yẹn, ọkọ mi ni.

Ọkọ mi ń ra epo pupa ní Ìlútítun àti ní Igbotako, ó ń gbé e lọ Àkúrẹ́. Ní nǹkan bí ọdún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo Sunday, ó ní ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ń fún epo máa ń ráyè. Mo gbà á gbọ́. Àfi ìgbà tí mo ń fọ aṣọ rẹ̀ tí mo gbọ́ òórùn lọ́fíńdà lára rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ ọkọ mi mọ̀ pé epo ló máa ń rùn, kì í fi lọ́fíńdà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo lọ wo inú mọ́tò, mo rí ọ̀rá kan lábẹ́ síìtì, gbogbo nǹkan inú mọ́tò yẹn ló ti rẹ epo ṣùgbọ́n ọ̀rá yìí mọ́ tónítóní, wọ́n tún fi ọ̀rá mìíràn wé e. Mi ò tú u. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé aṣọ tó fẹ́ gbé fún obìnrin náà ni.

Sunday tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ṣí mọ́tò ni mo dá ọ̀kadà dúró, mo ní kí ó máa tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán. A bá a dé Igbotako. Mo rí mọ́tò rẹ̀ níbi tó gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, mo ní ọlọ́gbọ́n ni, ó gbé mọ́tò síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fura, ilé obìnrin náà á wà nítòsí. Mo ń wò yíká. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó wọ sùtánà funfun, ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn nìyẹn, ó bọ́ bàtà, ó dúró níwájú, òun ló ń dá orin fún wọn… ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ń jó. Ọkùnrin tó máa ń tòògbé bí mo bá ń wàásù. Mo ti gbàgbé pé ọkọ mi ní irú ojú bẹ́ẹ̀, ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra ni mo rí i kẹ́yìn.

Ì bá jẹ́ obìnrin ni mo bá lọ́dọ̀ rẹ̀, mo mọ ohun tí màá ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ìyá mi wà, gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń parí irú ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn pé ọkọ mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá mi? Ìyá mi á ṣe ìdúpẹ́.

Mo padà sílé, mo dúró dè é. Ó ń fọ kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo sọ ibi tí mo lọ fún un. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan, ó ní, "Ìyá Ẹ́sítà, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ." Ó ní òun fẹ́ràn láti máa wò mí bí mo ṣe ń dúró níwájú àwọn ènìyàn tí mò ń kàwé, inú òun máa ń dùn, ṣùgbọ́n ìsìn náà fúnra rẹ̀ ò wọ òun lára. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú ni orin tó fi tọ́ òun ti ń pe òun. Mo ní, ẹ wá ń parọ́ fún Ọlọ́run ní gbogbo Sátidé. Ó ní, "Ọlọ́run mọ ibi tí mo wà. Ìwọ nìkan ni mo parọ́ fún." Mo bi í pé kí ló wá ń wá ní Sátidé, kí ló dé tí kò kúkú jókòó sílé. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé ń béèrè. Ó ní, "Tí mi ò bá wá, ta ló máa ṣe ìkẹwàá yín?"

Ẹ̀yin ará, mo dákẹ́. Ìjẹ́wọ́ mi gan-an nìyí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti padà sí ẹ̀sìn mìíràn ò yẹ ní kíkà mọ́ mẹ́wàá, èmi ni mo kọ́ ìjọ ní òfin náà, síbẹ̀ Sátidé lé Sátidé ni mò ń dúró níwájú, mò ń wò ó láàárín wọn, mò ń sọ pé a ti pé, ó yá ká bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní obìnrin tí kò lè darí ọkọ rẹ̀, àwọn ló fẹ́ darí? Mo tún bẹ̀rù pé tí òun bá kúrò, a ò ní lè ka Tórà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì kú. Ìyá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí ní Rábì, kí àwọn ọkùnrin tó gbà. Òun ló máa ń ṣe búrẹ́dì méjì tí a fi ń ṣí Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń bú àwọn ọkùnrin ní gbangba pé tí ẹ bá ń ka orí, ẹ ka èyí tí ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ gba àdúrà ọ̀fọ̀ fún un. Lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ọkọ mi, ọkùnrin pé mẹ́wàá géérégé. Ọmọ náà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ìyá rẹ̀, ọkọ mi sì ń ṣe àmín síbi tí kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń ṣe é. Mo mọ̀ pé lójú òfin wọn, àdúrà tí ọmọ yìí ń gbà kò dúró lórí ohunkóhun. Lójú òfin tèmi, ó dúró, torí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ nìkan ti lé ní mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ èyí, mi ò lè sọ ìyẹn.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí di oṣù yìí, tí ọkọ mi wá sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ fi òróró yan òun ní Ajíhìnrere ní Igbotako. Gbangba ni, wọ́n á pe àwọn ìjọ mìíràn, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo Òkìtìpupa á gbọ́. Ó ní ìyàwó ẹni tí wọ́n bá ń yàn máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò bẹ̀ mí pé kí n gbàgbọ́, òun kàn fẹ́ kí n wá. Ó ní, "Èmi bá ọ dé Accra."

Mo pinnu pé kí ìjọ wa tó gbọ́ ọ níta, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kò burú. Sátidé tó kọjá, nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, tí Bàbá Kápẹ́ńtà mi orí sí mi pé a ti pé, mo ní rárá, a ò pé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ Igbotako, mo sọ ìgbà tí mo ti mọ̀, mo sọ ti àdúrà Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo bẹ ọmọ rẹ̀ kó dárí jì mí. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo, mo ti múra sílẹ̀ kí wọ́n ní kí n fi ipò sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Bàbá Kápẹ́ńtà ní, "Rábì, ẹ jókòó, ẹ sinmi. A ti mọ̀." Ó ní àbúrò ìyàwó òun wà nínú ìjọ Igbotako yẹn, ó ti pẹ́ tí ó ti sọ fún òun, gbogbo àwọn àgbà ló sì mọ̀. Ó ní ọkùnrin ni ọkọ mi, ó wọ inú omi, ó ń wá, ohun tó bá ń ṣe lọ́jọ́ Sunday, òun àti Elédùmarè ni. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Ẹ rò ó wò. Wọ́n mọ̀ pé kò gbà á gbọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń kà á. Mo bi í, mo ní, Bàbá, èmi ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin ni Rábì wa."

Ọkọ mi dìde. Ó ká ìborùn àdúrà rẹ̀, ó fi lé orí àga, ó jáde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n wá ku mẹ́sàn-án. Mo ní lọ́kàn mi pé ó yá, ó ti dé ojú ẹ̀, wọ́n á kà mí lónìí. Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá Kápẹ́ńtà ṣe? Ó sọdá títì, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó lọ bẹ ọkọ mi. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti ń wò wọ́n. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ọkọ mi ń mi orí, ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde. Ta ló máa kọ̀ fún àgbà tó sọdá títì nítorí rẹ̀? Ó wọlé, ó tún borùn, kò wo ojú mi.

Mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Mo ní mi ò ní darí ìsìn náà. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan máa bá ìsìn lọ, ó gbé Tórà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ṣì í kà. Ẹnu mi tún un ṣe kí n tó mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀. Ó dúró, ó tún un kà bí mo ṣe sọ ọ́, ó ń bá a lọ. Ó tún ṣì í, mo tún tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kà á tán, òun lórí ìdúró, èmi lórí ìjókòó, wọ́n sì ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ń pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní kí a kó jáde, ká máa sìn ní pálọ̀ òun, a ti pé mẹ́wàá láìsí ọkùnrin kankan. Òmíràn ní kí n má tú ilé tí bàbá kọ́ ká. Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ò tíì gbé fóònù mi. Ọkọ mi ní òun ò tún ní lọ ní Sátidé mọ́ àfi tí èmi bá ní kí òun wá, ẹ wá rí i, ó tún gbé e lé mi lórí. Bàbá Kápẹ́ńtà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní àárọ̀ yìí, kò mẹ́nu ba nǹkan kan, ó kí mi, ó kí Ẹ́sítà, ó ní kí n má gbàgbé èso àjàrà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n ní sùúrù, mo ti ní in, ó ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹ má sì ní kí n padà sí Aládùúrà, ọ̀pọ̀ yín á sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ohun tí mo gbàgbọ́ ni mo gbàgbọ́. Ṣé kí n kó àwọn obìnrin jáde kí iṣẹ́ bàbá fọ́ sí méjì lọ́wọ́ mi? Ṣé kí n máa lọ kọ́ àwọn tó fẹ́ràn ohùn mi tí wọn ò fẹ́ orí mi? Ọkọ mi ńkọ́, tó jẹ́ pé òun nìkan ló bá mi rìn dé ibi tí wọ́n ti fi oyè náà jẹ mí, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ tì í ní Igbotako, àbí kí n jẹ́ kó dá kúnlẹ̀? Ọjọ́ Jímọ̀ ti sún mọ́, èso àjàrà wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì níwájú mi, mi ò tíì dá iná. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sè é?